Ìjì Yìnyín Lójú Fèrèsé Olúbáyọ̀

Nígbà tí ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu Olúbáyọ̀ lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀, ọ̀rọ̀ tó lọ kọ́ ló padà wá.

Àìsàn náà kọlù ú ní kété tí ọdún yí. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì gba ohùn lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni gba nǹkan ìṣeré lọ́wọ́ ọmọdé. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà ní ọsibítù, Ọláwùnmí ìyàwó rẹ̀ ń fi òróró àdúrà pa á níwájú orí, ó ń ka Sáàmù sí i létí, ó ń sọ fún Ọlọ́run pé ohùn nìkan lòun ń tọrọ ná, pé ẹsẹ̀ lè máa bọ̀ lẹ́yìn. Ọlọ́run gbọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Olúbáyọ̀ wálé sí fúláàtì wọn ní Peckham, òdòdó funfun ti bo igi tó wà lójú fèrèsé. Wọ́n gbé e jókòó síbẹ̀. Ó wo òdòdó náà pẹ́, ó la ẹnu, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń ta kókó lọ́nà ọ̀fun, tó ń dún bí ẹni ń rìn lórí ewé gbígbẹ. Kì í ṣe Yorùbá. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ọláwùnmí kúnlẹ̀ tì í, ó ní kó jọ̀ọ́ kó tún un wí. Ó tún un wí. Kò yé e.

Ìjọ aláṣọ funfun ni ìjọ wọn, nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan lẹ́yìn Old Kent Road, tí wọ́n ti fi kápẹ́ẹ̀tì àti àbẹ́là sọ di ilé Ọlọ́run. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Ọláwùnmí ti ọkọ rẹ̀ débẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ sùtánà fún un. Wọ́n ń kọrin lọ́wọ́ nígbà tí Olúbáyọ̀ gbé ohùn sókè. Orin dákẹ́. Ẹni tó bọ́ bàtà sílẹ̀, tó wọ aṣọ funfun, tó wá ń sọ èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́, kí la ń pè é nílé wa? Wòlíì Ọbanijésù, aṣáájú ìjọ, gbé agogo ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀, ó nawọ́ sí Olúbáyọ̀, ó ní Ẹ̀mí ti bà lé Bàbá Fẹ́rànmí. Gbogbo ilé wólẹ̀.

Ohun tó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé Olúbáyọ̀ ò fìgbà kan jẹ́ ẹni ẹ̀mí. Àwọn ẹ̀rọ agbéniròkè inú ilé gíga ló ń tún ṣe kiri Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yìn òpó ló máa ń jókòó sí nínú ìsìn, á sì ti yọ́ jáde kí wọ́n tó parí ìkéde. Bí wọ́n bá bi í, á ní Ọlọ́run mọ àdírẹ́ẹ̀sì òun. Ṣùgbọ́n ibi tí a fojú sí, ọ̀nà kì í gbabẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, àwọn ènìyàn ń gbé omi inú ike wá kó lè sọ̀rọ̀ sí i. Wòlíì ló ń túmọ̀. Nígbà kan ó ní kí ìjọ gba ààwẹ̀. Nígbà mìíràn ó ní arábìnrin kan wà tó ń wá ìwé ìgbélùú, kó má ṣe dẹ́kun ilẹ̀kùn kíkàn. Arábìnrin náà kan ilẹ̀kùn, ó sì rí ìwé rẹ̀ gbà. Ọláwùnmí, tó ti fi ìtìjú jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ tó ń wo aago nínú ìsìn láti ọjọ́ yìí wá, òun náà wá di ìyàwó ẹni tí Ẹ̀mí ń lò. Inú rẹ̀ dùn. Kí á má parọ́, ó dùn gan-an.

Ilé ni ìṣòro wà.

Láràárọ̀, kó tó fi omi gbígbóná nu ara ọkọ rẹ̀, Ọláwùnmí a máa kì í. Kì í ṣe ilé ìwé ló ti kọ́ oríkì. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ ní Ìkìrun, nídìí ilẹ̀ gbígbá àti iná dídá, kí ojúmọ́ tó là dáadáa.

*Àlàó, a-dúró-gbọin-bí-òpó,*
*Ọmọ a-fọwọ́-tútù-mú-irin-gbígbóná,*
*Ọkọ mi tí í gbé ará ìsàlẹ̀ pàdé ará òkè,*
*Jí kí n rí ọ, kí ojúmọ́ lè mọ́ mi.*

Kó tó ṣàìsàn, bó bá ti gbọ́ èyí, á na ẹ̀yìn, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní ó tó, pé fìlà ò ní wọ òun mọ́. Ní báyìí, kò wo ojú rẹ̀. Fèrèsé ló ń wò, níbi tí òdòdó funfun ti ń já bọ́ ní méjì méjì, tí atẹ́gùn ń gbá wọn lọ sórí mọ́tò àwọn aládùúgbò. Á na ọwọ́ òsì rẹ̀ pẹlẹbẹ sínú afẹ́fẹ́, á mú un bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà á ṣàdédé yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí àṣá tó rí òròmọdìyẹ. Á sọ gbólóhùn rẹ̀. Omi á lé ròrò sí i lójú. Bí Ọláwùnmí bá gbé ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, á pa ẹnu dé. Aṣọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ jù ú lọ.

Obìnrin kan wà tí ọsibítù ń rán wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ bọ́ mọ́ lọ́wọ́ bí yóò ṣe tún sọ̀rọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó bi Ọláwùnmí pé èdè wo ni ọkọ rẹ̀ ń sọ yìí. Ọláwùnmí fi gbogbo ọkàn dá a lóhùn pé èdè ẹ̀mí ni. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó ń fi àwòrán ife, àwòrán ajá, àwòrán ilé han Olúbáyọ̀. Olúbáyọ̀ ń wo fèrèsé. Nígbà tó yá, obìnrin náà fi pẹ̀lẹ́ sọ fún Ọláwùnmí pé bí kò bá sí ọ̀nà kankan tí àwọn lè gbà bá bàbá sọ̀rọ̀, wíwá òun máa tó dópin, àti pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ care home, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, nítorí Ọláwùnmí nìkan ò lè máa gbé e nílẹ̀ títí ayé.

Ọláwùnmí mọ ibẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, nítòsí Lordship Lane. Èèyàn rere làwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti wẹ ìyá àgbà kan rí níbẹ̀, tí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti padà sí èdè erékùṣù tí wọ́n ti bí i, tí kò sí ẹni tó gbọ́ ọ. Darling ni gbogbo wọn ń pè é. Darling, darling, títí ìyá náà fi sùn tí kò jí, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó ń bèèrè. Ọláwùnmí ò fẹ́ kí Àlàó òun di darling ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún ò ju pé kí ọkọ òun wo ojú òun lẹ́ẹ̀kan, kó sọ ohun tó ń fẹ́, kí wọ́n tó mú un lọ.

Fẹ́rànmí, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Surrey Quays. Òun kì í sábà dé ṣọ́ọ̀ṣì, bó bá sì wá sílé nírọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ á ti sùn. Ọjọ́ Sátidé kan ló gba ọjà Deptford kọjá, ó ra ẹja, ó dé nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Bàbá rẹ̀ wà lójú fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ yí afẹ́fẹ́, ó ń sọ gbólóhùn rẹ̀. Fẹ́rànmí dúró gbọnrangandan pẹ̀lú ẹja lọ́wọ́.

"Mummy, mo mọ sound yìí," ó ní. "Babe kan ní ọ́fíìsì wa, òun ló máa ń fi bá mọ́mì ẹ̀ jà lórí fóònù."

Ó gbé fóònù rẹ̀ sún mọ́ ẹnu bàbá rẹ̀, ó ní kó tún un sọ. Fóònù náà ronú díẹ̀, ó sì tú u jáde. Èdè Rọ́ṣíà ni.

Ọláwùnmí kọ́kọ́ bínú. Ó ro gbogbo omi inú ike yẹn, ó ro àwọn tó ti fi bọ́jú, ó ro arábìnrin tó rí ìwé gbà.

"Ta ló sọ fún ọ pé Ẹ̀mí Mímọ́ ò gbọ́ Russian?" ó bi ọmọ rẹ̀.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, allow it, ẹ fi sílẹ̀. Ilé ìwé tí Daddy lọ nìyẹn."

Ó jókòó. Òótọ́ ni. Ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ṣe mọ̀ pé yàrá kan wà nínú ilé tí wọn kì í ṣí. Ìjọba ìgbà náà ló rán Olúbáyọ̀ lọ sí Kharkiv, ní ilẹ̀ Yukiréènì, nígbà tí ó ṣì wà lábẹ́ Soviet, láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà tó padà dé Èkó, wọ́n wo ìwé rẹ̀ tìfuratìfura, wọ́n ní ta ló lè ka irú èyí. Ó wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó di ọ̀rẹ́ ẹ̀rọ agbéniròkè. Kò sọ̀rọ̀ ìlú náà mọ́. Àfi bí òòlù bá gbá a níka nìkan ni Ọláwùnmí máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tó le, kíákíá, tí kò ní túmọ̀.

Fẹ́rànmí ka ohun tí fóònù tú: *Ó ń yí. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó mọ atẹ́gùn.*

Ìyá wo ọmọ, ọmọ wo ìyá. Kí ló ń yí?

Ẹni kan ṣoṣo tí Ọláwùnmí mọ̀ láti ayé ọkọ rẹ̀ ti ọ̀hún ni Tòkunbọ̀, tó bá a gbé yàrá kan náà ní Kharkiv, tó ti di ará Manchester báyìí. Òun ló máa ń pè wọ́n bí ọdún bá yí. Fẹ́rànmí pè é, ó ṣàlàyé, ó sì gbé fóònù síwájú bàbá rẹ̀. Nígbà tí Tòkunbọ̀ gbọ́ gbólóhùn náà, ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu Báyọ̀ ṣì wúwo bíi ti àtijọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ bó ṣe ń fọn imú. Ó fi èdè náà bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó kí i, ó pe orúkọ rẹ̀, ó bi í ní nǹkan. Olúbáyọ̀ gbé ìka sẹ́nu, ó ní kó dákẹ́, bí ẹni tó ń wo nǹkan kan tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí òun lójú. Ó tún kọjú sí fèrèsé.

"Ìyàwó wa," Tòkunbọ̀ ní, "mo mọ yàrá tó wà. Èmi náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Ó wá sọ ìtàn, Ọláwùnmí sì tẹ́tí bí ẹni tí wọ́n ń rọ́ àlá fún.

Ó ní nígbà náà, ilẹ̀ ńlá méjì ń bá ara wọn dupò lójú sánmà. Soviet ti kọ́kọ́ kan rọ́kẹ́ẹ̀tì gìrìwò kan tó ga bí ilé alájà púpọ̀, tí wọ́n fẹ́ fi lọ sórí òṣùpá. Wọ́n jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ló jábọ́. Wọ́n pa á tì, wọ́n tú èyí tó kù, àwọn kan ní wọ́n fi lára irin rẹ̀ bo ọgbà ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tó yá tí Amẹ́ríkà ṣe ọkọ̀ òfuurufú abìyẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀, Soviet ní àwọn náà á ṣe tiwọn. Wọ́n kan rọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn, wọ́n pè é ní Energia, ìyẹn Agbára, nítorí kò sí ẹrù tí kò lè gbé. Wọ́n ṣe ọkọ̀ funfun kan tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ikùn rẹ̀ dúdú nítorí iná tí yóò là kọjá bó bá ń bọ̀ wálé. Wọ́n sọ ọ́ ní Buran. Ìjì yìnyín nìyẹn, irú èyí tó máa ń jà lórí ilẹ̀ gbalasa ọ̀hún tí ènìyàn ò fi ní rí ọwọ́ ara rẹ̀.

Olùkọ́ kan wà tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò, Grígórì lorúkọ rẹ̀, tí kóòtù rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Wọn ò mọ̀ pé òun wà lára àwọn tó ṣe ọpọlọ tó ń darí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà, nítorí nílùú yẹn, ohun tí ènìyàn bá mọ̀, inú rẹ̀ ló ń gbé. Ìparí ọdún 1988 ni wọ́n gbé Buran jáde. Nígbà àkọ́kọ́, ó ku díẹ̀ báyìí kí iná ràn, apá irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́ra láti yẹ̀ kúrò, ẹ̀rọ sì dá gbogbo rẹ̀ dúró. Nígbà tí wọ́n tún máa gbìyànjú, òjò dídì ń rọ̀, atẹ́gùn ń jà. Ó gòkè. Ó yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ẹnìkankan nínú rẹ̀. Nígbà tó ń bọ̀, awakọ̀ bàálù kan fò lọ pàdé rẹ̀. Gbogbo ènìyàn rò pé apá ibí ni yóò gbà wọ pápá. Ó dé tòsí, ó sì ṣàdédé yí sí òdìkejì, ó gba orí pápá kọjá lọ. Ọkàn gbogbo wọn já. Àwọn kan ní ó ti ṣìnà. Àwọn kan ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Kò ṣìnà. Ó ti wọn agbára atẹ́gùn, ó ti rí i pé òun ṣì ga jù, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yan ọ̀nà tó jìn. Ó yí, ó padà, ó balẹ̀ sórí ìlà bí ẹyẹlé sórí òrùlé olówó rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Grígórì wá sí yàrá àwọn ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú búrẹ́dì, yìnyín ṣì wà lórí fìlà rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe yíyí náà fún wọn nínú afẹ́fẹ́. Olúbáyọ̀ ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe títí Olúbáyọ̀ fi kọ́ ọwọ́ náà. Grígórì ní bó bá parí ìwé rẹ̀, òun á bá a wá àyè láàárín wọn. Lọ́jọ́ náà, Tòkunbọ̀ ní, Báyọ̀ ò sùn, ó kàn ń rẹ́rìn-ín sí àjà ilé.

Lẹ́yìn èyí, ilẹ̀ náà tú ká. Owó tán. Buran ò fò mọ́ láéláé. Wọ́n gbé e sínú ilé ńlá kan, títí òrùlé ilé náà fi wó lé e lórí lọ́dún 2002, tó sì pa àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lókè òrùlé, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn. Bàálù ńlá tó máa ń pọ̀n ọ́n kiri bí ìyá pọ̀n ọmọ, òun náà ti jóná nínú ogun tó ń lọ lọ́wọ́ yìí, Kharkiv fúnra rẹ̀ sì ń jẹ ìyà bọ́ǹbù. Lọ́jọ́ tí ìròyìn òrùlé náà dé, Olúbáyọ̀ pe Tòkunbọ̀ lórí fóònù. Ó kàn ń mí. Kò dárúkọ Buran mọ́.

"Lójú tiẹ̀," Tòkunbọ̀ ní, "kò tíì balẹ̀. Ibi tó ti ń yí yẹn lẹ bá a."

Lọ́jọ́ Ajé, kí ìtìjú tó rí àyè dá a dúró, Ọláwùnmí lọ bá Wòlíì Ọbanijésù, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Wòlíì ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó bèèrè bóyá arábìnrin tó rí ìwé gbà ti gbọ́. Ọláwùnmí ní kò tíì gbọ́. Wòlíì ní kí wọ́n ṣì jẹ́ kó máa dúpẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló tú sùtánà rẹ̀ ká lórí orúnkún, ó ní,

"Ìyá Fẹ́rànmí, ohun tí mo rò pé mo gbọ́ ni mo túmọ̀. Bí etí tèmi bá ṣìnà, Ọlọ́run ò ṣìnà. Ẹ̀yin tí ẹ ti wá mọ ibi tí ọkọ yín wà, kí lẹ ń dúró dè?"

Ọláwùnmí rò ó nínú bọ́ọ̀sì 37 tó wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, òun ti ń dúró nínú yàrá kan ní Peckham, òun ń pe ọkùnrin tó wà nílẹ̀ mìíràn. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé a kì í dúró lókèèrè pe ọdẹ tó ń ṣọ́ ẹran. Ajá rẹ̀ là á kọ́kọ́ kí. Bí ajá bá mira, ọdẹ á yíjú. Ọláwùnmí wá ń wá oríkì fún ọkọ̀ òfuurufú. Ó ń wá a bó ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wá a bó ti ń fọ irun funfun àwọn arúgbó, ó ń kùn ún lábẹ́ ètè. Bàbá Òyìnbó kan bi í pé orin ìsìn wo nìyẹn, ó ní kì í ṣe orin ìsìn, ẹyẹ kan lòun ń sọ lórúkọ. Bàbá náà ní ó dára. Ọláwùnmí ò rí ilẹ̀ gbalasa ọ̀hún rí, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀ náà, gbogbo ohun funfun tó bá rí ló ń gbé e débẹ̀: aṣọ àdúrà tí wọ́n sá, àwọn bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ lọ ní ìlà, òdòdó tó ti kún ẹ̀gbẹ́ títì bámúbámú. Ó ń rí ọkọ rẹ̀ níbẹ̀, tó kéré, tó gbé ojú sókè.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, ọjọ́ tí obìnrin ọsibítù náà ti ní òun á wá fún ìgbà ìkẹyìn, Ọláwùnmí ò bu omi, kò gbé ẹ̀kọ. Ó fa àga, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, òun náà kọjú sí fèrèsé. Igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ òdòdó rẹ̀ tán. Ó gbàdúrà díẹ̀ nínú. Ó bẹ̀rẹ̀.

*Ìjì Yìnyín, ẹyẹ funfun oníkùn dúdú,*
*A-gun-ẹ̀yìn-Agbára-dé-ibi-tí-atẹ́gùn-ò-sí,*
*Ó yí ayé po lẹ́ẹ̀kan, ayé ò mọ̀,*
*Ó yí i po lẹ́ẹ̀kejì, ayé wá gbójú sókè.*
*Ọmọ tí baba mẹ́rin kú kí wọ́n tó bí i,*
*Tí wọ́n fi egungun baba rẹ̀ bo ọgbà ẹlẹ́dẹ̀,*
*Tí kò tìtorí ìyẹn kọ òkè lílọ.*
*Iná lá a níkùn, kò yọ́,*
*Òjò dídì nà án lẹ́yìn, kò bojú wẹ̀yìn.*

Ọwọ́ Olúbáyọ̀ tó ti wà lókè dúró. Ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀ sórí itan. Ọláwùnmí rí i, ara rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ju ọkàn rẹ̀ lọ, bó ti máa ń ṣe ẹni tó ń ki oríkì bí ibi tó ń bọ̀ bá ti dùn. Ta ni í kí ọba láìkí ìjòyè? Ta ni í yin ilé láìyin àwọn tó kún inú rẹ̀? Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, kò sí ohun tó níyì tí wọn kì í fi ènìyàn yí ká. Ó gbàgbé ohun tí Tòkunbọ̀ sọ pátápátá.

*Ọ̀gákọ̀ jókòó níwájú, ojú rẹ̀ dán,*
*Ìgbákejì rẹ̀ ń wo ọ̀nà,*
*Àwọn akíkanjú ọkùnrin kún ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́fọ́,*
*Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń mu, wọ́n ń…*

"Rárá."

Ohùn náà kéré, ó há. Ọláwùnmí yíjú. Ọkọ rẹ̀ ti yí orí kúrò lójú fèrèsé. Ó ń wò ó tààrà, ó fajú ro bí ẹni tí ọmọdé ba ìtàn jẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kò sí…" Ó wá ọ̀rọ̀, ó sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́, ó tún un wá. "Kò séèyàn ńbẹ̀. Ẹnì kankan."

Gbogbo ara Ọláwùnmí fẹ́ fò dìde. Halelúyà ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti na jáde kó lè gbá a mọ́ra. Ó fà á padà. Ó fi abẹ́ itan pa ọwọ́ mọ́, ó gbé halelúyà mì, nítorí ó hàn sí i kedere pé bí òun bá sáré dì mọ́ ohun tó ń bọ̀ wálẹ̀ yìí, ó lè tún yí. Ó ń mí díẹ̀díẹ̀.

"Ta ló wá ń darí rẹ̀?" ó bi í, bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí.

Olúbáyọ̀ pa ojú dé. Nísàlẹ̀ ilé, bọ́ọ̀sì kan dúró, ó tún gbéra.

"Òun," ó ní. "Fúnra ẹ̀. Ó gbọ́… atẹ́gùn." Ó la ojú. "Ta ló sọ fún ọ pé… èèyàn?"

"Wọ́n purọ́ fún mi ni."

"Wọ́n purọ́," Olúbáyọ̀ ní.

Aago ẹnu ọ̀nà dún. Obìnrin ọsibítù náà ni, pẹ̀lú báàgì àwòrán rẹ̀. Ọláwùnmí ṣílẹ̀kùn fún un, ó fi ìka sẹ́nu, ó fi ojú bẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà wọlé jẹ́jẹ́, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri láìtú báàgì. Ọláwùnmí padà sórí àga rẹ̀. Ó fi etí aṣọ nu ojú bí ẹni ń nu òógùn. Ó ní wọ́n tún sọ fún òun pé dúdú ni ọkọ̀ náà látòkè délẹ̀.

"Funfun," Olúbáyọ̀ ní. "Funfun ni. Ikùn… ikùn ló dúdú."

Obìnrin ẹ̀gbẹ́ ògiri ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ pé wọ́n bi Olúbáyọ̀, tó sì dáhùn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́nu.

Ọláwùnmí tún ohùn ṣe. Ó ní, ṣé òótọ́ ni pé àárín ìgboro Mọ́síkò nílẹ̀ Rọ́ṣíà ló balẹ̀ sí, nínú ọjà, lórí igbá àwọn onítòmátì. Ó gbé ojú sí ẹnu ọkọ rẹ̀, ó ń retí kó já òun nírọ́.